Kí ni adùn géèmù ogun ó-kàn-mí-ó-kàn-ọ́, níbo sì ni olùbẹ̀rẹ̀ ti lè wọlé?

Àdùkẹ́ Kubwa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kubwa ni mò ń gbé, Wuse ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìlọrin kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́ ju géèmù ogun kan tí àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀ ń dúró de ara wọn: ẹnì kan á rìn tán kí òmíràn tó rìn. Nígbà tí mo lọ ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wọn, mo jókòó tì í. Ó tẹjú mọ́ fóònù títí tí tíì tó bù fi tutù, kò tẹ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ló bá pariwo ayọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi sáré jáde láti kíṣìnì. Mo fẹ́ mọ ohun tó rí níbẹ̀.

Kí ló ń dùn mọ́ yín nínú rẹ̀? Kí sì ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Láptọ́ọ̀pù mi ti pẹ́, RAM 4GB ló ní. Fóònù Android mi kì í ṣe olówó ńlá. Dátà kò pọ̀ lọ́wọ́ mi, iná àdúgbò wa sì ń lọ, ó ń bọ̀. N kò gbá irú rẹ̀ rí.

Tíṣà Samaru

Àdùkẹ́, ẹ kú ìbéèrè.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí àwọn bàbá Hausa lábẹ́ igi dógóńyárò, tí wọ́n gbẹ́ ihò sílẹ̀, tí wọ́n ń ta dárà. Ihò 30 ni, 5 lọ́nà kan, 6 lọ́nà kejì. Ọmọ 12 ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọmọ sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sún wọn. Ẹni tó bá to mẹ́ta sórí ìlà kan á yọ ọmọ ẹnìkejì kan kúrò. Ayò ọlọ́pọ́n tiwa ní ihò 12 àti ọmọ 48. Nínú eré méjèèjì, ẹni tó kàn ló ń ronú, ẹnìkejì á mú sùúrù. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń ṣe nígbà tó tẹjú mọ́ fóònù nìyẹn. Ó ń ka ohun tí ọ̀tá máa ṣe bí òun bá gba ibí, àti ohun tó máa ṣe bí òun bá gba ọ̀hún.

Nǹkan méjì ni irú géèmù yìí wá fi kún un. Èkíní ni ilẹ̀. Wọ́n pín pátákó náà sí ilé kéékèèké, ṣùgbọ́n àwọn ilé wọ̀nyí kò rí bákan náà: òkè wà, igbó wà, odò wà, ògiri wà. Bí ọmọ ogun kan tó ní asà bá dúró sẹ́nu afárá tóóró, ó lè dá ọ̀wọ́ ọ̀tá dúró kí tafàtafà yín máa ti ẹ̀yìn rẹ̀ ta wọ́n. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tó lágbára jù ló ń borí. Ẹni tó mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí ni.

Èkejì ni pé àwọn ọmọ ogun yín ní orúkọ, wọ́n sì ń dàgbà. Ọmọ ayò kan kò sàn ju èkejì lọ. Níhìn-ín, tafàtafà tí kò tíì mọ nǹkan kan, tí ẹ bá ń fi ẹ̀yìn ìjà pamọ́ fún un kó lè pa ọ̀tá tó ti fara gbọgbẹ́, á di ẹni tí gbogbo ogun gbójú lé. Dungeons & Dragons tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1974 ló là ọ̀nà yẹn. Àwọn tó ṣe é ti ń fi ọmọ ogun kéékèèké jagun lórí tábìlì tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó rò ó pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di jagunjagun kan ṣoṣo mú, kó máa tọ́ ọ dàgbà. Àwọn ará Jàpáánì wá dá ọ̀wọ́ ọmọ ogun padà sórí pátákó, wọn kò sì gba orúkọ àti ìdàgbàsókè lọ́wọ́ wọn: Fire Emblem jáde ní 1990, Tactics Ogre ní 1995, Final Fantasy Tactics ní 1997. Ní Ìlú Ọba, Julian Gollop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé X-COM jáde ní 1994. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń gbá lónìí, ara àwọn wọ̀nyí ló ti ṣẹ̀.

Ní tèmi, ibi tó ti dùn jù ni pé nígbà tí mo bá borí, mo mọ ìdí tí mo fi borí. Mo lè fi ìka tọ́ka sí ilé tí ogun ti yí padà.

Ìyá Ìbejì Gwarinpa

Tíṣà ti sọ èyí tó pọ̀. Ohun tí èmi fẹ́ sọ ni pé géèmù yìí ń dúró dè mí. Ọmọ méjì ni mo ní tí wọn kò tíì wọ ilé-ìwé. Géèmù bọ́ọ̀lù tàbí ti ìbọn kò lè gbà kí n dìde lọ wo ìkòkò lórí iná. Ṣùgbọ́n nínú tèmi, ìkookò lè ti lanu sí ẹlẹ́ṣin mi lára; bí ọmọ bá ké, màá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ìkookò náà á lanu bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Obìnrin tó bá ń ṣe iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oṣù pọ̀ mọ́ ara wọn á mọ iye tí ìyẹn jẹ́.

Fire Emblem: Three Houses ni mò ń gbá, lórí Switch, ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo ṣe. 2019 ló jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ni olùkọ́, ẹ máa yan ilé kan nínú mẹ́ta, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé yẹn ni ẹ ó sì máa kó lọ sójú ogun. Láàárín ogun kan sí èkejì, ẹ ó bá wọn jẹun, ẹ ó kọ́ ẹnì kan ní ọ̀kọ̀, ẹ ó kọ́ ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ìwòsàn, àwọn fúnra wọn á sì máa bá ara wọn dọ́rẹ̀ẹ́. Bí mo bá wá fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn síwájú aláàáké, àyà mi á já, torí mo mọ oúnjẹ tó fẹ́ràn.

Lugbe Boy

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà. Mo gbá XCOM, èyí tí àwọn ọmọ ogun ayé ti ń bá àwọn àjèjì láti òfurufú jà, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Jabi. Ẹ̀rọ sọ fún mi pé ìbọn mi máa bá ọ̀tá, ìdá 95 nínú 100. Ó tàsé. Ọ̀tá yẹn yíjú padà, ó pa ọmọ ogun mi. Kí wá ni gbogbo ìrònú yẹn wúlò fún? Géèmù bọ́ọ̀lù, ọwọ́ mi ni, bí mo bá gbá a dáadáa ó wọlé.

Bọ̀dá Rayfield

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yín tọ́ láti dáhùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pa dà lẹ́yìn XCOM. Jos ni mo wà, ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbá a.

Ìdá 95 túmọ̀ sí pé nínú ìbọn 20, ẹyọ kan máa tàsé. Bí ẹ bá jagun pẹ́, ó di dandan kí ẹ pàdé ẹyọ kan yẹn. Nítorí náà, ìbéèrè tí balógun gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ kí ó tó yìnbọn ni pé: bí èyí bá tàsé, ibo ni ọmọ ogun mi dúró sí? Nínú XCOM tó jáde ní 2012, ẹni tó bá sá pamọ́ sẹ́yìn nǹkan tí kò ga, ààbò rẹ̀ jẹ́ 20. Bí nǹkan náà bá ga dáadáa, ó di 40. Ìyẹn ni pé ìbọn ọ̀tá tí ì bá bá a ní ìdá 65 yóò ṣubú sí 25. Ibi tí ẹ ti ń gbá géèmù náà gan-an nìyẹn. Ìbọn yíyìn kàn jẹ́ àbájáde rẹ̀ ni.

Ètò tí mò ń tẹ̀ lé rèé. Ohun tó dájú ni mo ń kọ́kọ́ ṣe. Bọ́ǹbù ọwọ́ kì í tàsé, ó sì ń fọ́ ibi tí ọ̀tá sá pamọ́ sí, nítorí náà òun ló ń ṣáájú. Ìbọn tó súnmọ́ tàbí tó ti ẹ̀gbẹ́ wá ló tẹ̀ lé e. Ìbọn tó jẹ́ bóyá ni yóò gbẹ̀yìn. Mi ò sì jẹ́ kí ọmọ ogun tó kù kẹ́yìn sáré wọ ibi tí n kò tíì rí, torí bí ó bá jí ọ̀wọ́ ọ̀tá tuntun níbẹ̀, kò sí ẹnìkan tó ṣẹ́kù láti gbà á sílẹ̀. Ẹ ṣe báyìí fún ìgbà díẹ̀, Lugbe, ẹ ó rí i pé àtàsé kan kò lè ba ogun yín jẹ́ mọ́.

Ohun kan tí inú mi dùn sí nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i: Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 16 tó ń gbé owó kalẹ̀ fún ogun náà, South Africa àti Egypt ló sì bá wa ṣojú Áfíríkà. Ẹ sì lè yí orúkọ àwọn ọmọ ogun padà. Tèmi ń jẹ́ orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Lugbe Boy

Ó yé mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí èyí tí àtàsé kò sí nínú rẹ̀ rárá?

Bọ̀dá Rayfield

Ó wà. Into the Breach, 2018. Pátákó kékeré ni, ilé 8 lọ́nà 8, róbọ́ọ̀tì mẹ́ta péré ni ẹ ní. Kòkòrò ńláńlá ń jáde láti inú ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì kọ́kọ́ fi hàn yín ibi tí yóò lù kí ó tó lù ú. Ohun gbogbo wà níwájú yín. Iṣẹ́ yín ni láti tì í kúrò, kí ìkúùkù tó yẹ kó ba ilé àwọn ará ìlú wá ba ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìbọn tó ń tàsé níbẹ̀. Ó fúyẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, láptọ́ọ̀pù Àdùkẹ́ náà á gbé e.

Àǹtí Barnawa

Mo kí gbogbo yín láti Kaduna. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹni tó bá ń sọ pé irú géèmù yìí jẹ́ ti àtijọ́, kó wo Baldur's Gate 3 tí ilé-iṣẹ́ Larian gbé jáde ní 2023. Ogun ibẹ̀, ó kàn mí ó kàn ọ́ ni látòkèdélẹ̀, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn géèmù tó dára jù lọ ní The Game Awards ọdún yẹn. Àdùkẹ́, ẹ má wulẹ̀ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù yín o, 150GB ló ń béèrè.

Alátùn-únṣe Farm Centre

Sannu ku da aiki, ẹ̀yin èèyàn mi. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù ni mò ń tún ṣe ní Kano, ẹ jẹ́ kí n dá apá kejì ìbéèrè Àdùkẹ́ lóhùn.

Fún láptọ́ọ̀pù yẹn, Battle for Wesnoth ni. Ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣe pé ẹ ó sanwó níkẹyìn. David White ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn káàkiri ayé ti ń jùmọ̀ kọ ọ́, kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹ lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, ẹ wà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní béèrè dátà lọ́wọ́ yín mọ́ àfi bí ẹ bá fẹ́ bá ẹlòmíràn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nípa iná: ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá kàn yín, Wesnoth ń fi ogun pamọ́ fúnra rẹ̀. Bí bátìrì bá kú lójijì, ohun tí ẹ pàdánù kò ju ìrìn ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú láptọ́ọ̀pù kù, ẹ pa Wi-Fi, bátìrì á pẹ́ sí i. Ní àsìkò ooru, láti March sí May, ẹ má ṣe gbé láptọ́ọ̀pù lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù. Orí tábìlì ni. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi lóṣù wọ̀nyẹn, èyí tó pọ̀ nínú wọn, fáànù inú ẹ̀rọ ni eruku ọyẹ́ ti dí láti oṣù díẹ̀ ṣáájú, ooru wá parí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n mọ́ kí ooru tó dé.

Fún fóònù: Final Fantasy Tactics: The War of the Lions jáde fún Android ní 2015, owó ni wọ́n ń gbà fún un, ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó san. XCOM 2 náà wà fún fóònù, àmọ́ ó wúwo, fóònù àárín kò ní gbé e dáadáa. Into the Breach ti orí fóònù, Netflix ló gbé e jáde ní 2022 fún àwọn tó ń sanwó fún un.

Àdùkẹ́ Kubwa

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti wa Wesnoth sílẹ̀ ní ibi iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn ọmọ ìyá méjì yẹn, A Tale of Two Brothers. Ó dùn! Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú nínú géèmù, ọ̀tá ń pa àwọn ọlọ́kọ̀ mi, àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ jà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ àwa la ń lé wọn lọ́sàn-án. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Tíṣà Samaru

Ìtàn tó yẹ olùbẹ̀rẹ̀ lẹ mú, ogun mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ rí yẹn, bí wọ́n ṣe kọ géèmù náà ni. Ọjọ́ kan nínú Wesnoth jẹ́ ìgbà mẹ́fà: àfẹ̀mọ́júmọ́, òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, òru àkọ́kọ́, òru kejì. Àwọn ọlọ́kọ̀ yín jẹ́ èèyàn ìmọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ àti ọ̀sán, agbára wọn fi ìdá 25 nínú 100 lé. Ní òru méjèèjì, ó fi iye kan náà dín. Àwọn òkú tó ń rìn àti àwọn ọlọ́ṣà inú òkùnkùn, òdìkejì ni tiwọn. Nítorí náà, ẹni tó ń lé wọn lọ́sàn-án tí kò dúró nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ilé wọn ló ń wọ̀ lọ lálẹ́.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀tá wá bá yín lóru, kí ẹ ti fà sẹ́yìn dúró sí ibi tó dára. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ dìde sí wọn pẹ̀lú gbogbo agbára. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ń bọ̀, ẹ tún fà sẹ́yìn. Ìfàsẹ́yìn yẹn kò túmọ̀ sí ìjákulẹ̀, òun ni ìdajì ogun.

Kí ni ibi tó dára? Ojú mẹ́fà ni ilé kọ̀ọ̀kan ní nínú Wesnoth. Bí ọmọ ogun yín bá dá dúró, ọ̀tá mẹ́fà lè rọ̀gbà yí i ká. Bí ẹ bá tò wọ́n ní ìlà tó gún, èyí tó wà láàárín kò ní bá ju ọ̀tá méjì lọ níwájú. Ọ̀tá tó bá sì súnmọ́ ìlà yín gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, kò lè gba àárín àwọn ọmọ ogun méjì kọjá bí ó ṣe wù ú. Fún ìdí yìí, ẹ kò ní láti dí gbogbo ilé. Ẹ lè fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, ìlà náà á ṣì dúró.

Abúlé náà ṣe pàtàkì. Ó ń mú wúrà wá ní gbogbo ìgbà, ẹni tó bá sùn níbẹ̀ á sì gba ẹ̀jẹ̀ 8 (ìyẹn òǹkà ìlera rẹ̀) padà nígbà tó bá tún kàn yín. Ọlọ́kọ̀ tó gbọgbẹ́, ẹ dá a padà sí abúlé, kí ẹni tó ṣì lera rọ́pò rẹ̀ lórí ìlà. Nígbà tí ẹ bá dé ìtàn tí àwọn ẹ̀yà inú igbó (elf) ti wà lára ọmọ ogun yín, ẹ má kó wọn kúrò nínú igi: nínú igbó, ìdá 30 sí 40 péré nínú 100 ni ohun tí ọ̀tá ń jù sí wọn fi ń bá wọn.

Àkàndé Minna

Gbogbo ìmọ̀ràn yìí dára. Ẹyọ kan ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Àdùkẹ́, bí ọmọ ogun bá kú, ẹ jẹ́ kó kú. Ẹ má ṣe ṣí èyí tí ẹ fi pamọ́ padà. Wesnoth ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn pé ẹ ó pàdánù àwọn kan. Fire Emblem ti 1990 bẹ̀rẹ̀ lórí ìlànà yìí: ẹni tó bá lọ, ó lọ. Kò sí ohun tó ń mú kí ọwọ́ èèyàn lọ́ra lórí bọ́tìnnì tó ìyẹn. Bí ikú bá ti di ohun tí à ń pa rẹ́, ìrònú tí Tíṣà ń sọ ti di asán, torí ẹ lè máa gbìyànjú títí tí ìbọn á fi bá ọ̀tá.

Ìyá Ìbejì Gwarinpa

Bọ̀dá Àkàndé, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé kí olùbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Three Houses fún wa ní ọ̀nà méjì: Classic, tí ẹni tó kú kò ní padà, àti Casual, tí ẹni tó ṣubú yóò padà lẹ́yìn ogun. Casual ni mo mú. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ rí òpin ìtàn wọn. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ, bí ẹnì kan bá kú ní kùtùkùtù, ẹ kò ní gbọ́ ọ láé. Ogun náà ṣì ń le fún mi. Ẹni tó bá ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, n kò ní i lọ́wọ́ títí ìjà náà á fi parí, ìyẹn sì lè mú kí gbogbo wa ṣubú.

Àkàndé Minna

Mo gbọ́ yín, Ìyá Ìbejì. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Mo ní tafàtafà obìnrin kan nínú Wesnoth tó dá dúró lẹ́nu afárá kí àwọn tó kù lè ráyè sá. Ó kú síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ìtàn yẹn fún mi, inú ogun ló ti jáde, títí di òní mo mọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá ti dá a padà, kò sí ìtàn kankan.

Tíṣà Samaru

Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ kan náà sí àwọn ọmọ ogun yín. Ìyá Ìbejì ń gbá géèmù tí wọ́n ti kọ ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí náà ikú ń jí ojú ìwé gbé. Àkàndé ń gbá èyí tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò ní ìtàn àfi èyí tí ogun bá fún wọn. Mo gbà kí Àdùkẹ́ tẹ̀ lé Àkàndé nínú Wesnoth, kó sì tẹ̀ lé Ìyá Ìbejì bí ó bá dé ọ̀dọ̀ Fire Emblem. Ohun kan tí n kò fara mọ́ ni kí èèyàn máa ṣí ogun padà nítorí ìbọn kan tó tàsé. Ìyẹn ń gba adùn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a.

Lugbe Boy

Mo ti bẹ̀rẹ̀ Into the Breach láti àná. N kò tíì sùn dáadáa. Bọ̀dá Rayfield, ẹ ṣeun. Mo ti kòkòrò kan sínú omi, ó kú lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe!

Bọ̀dá Rayfield

Ẹ máa wò ó dáadáa, àwọn kan ń fò, omi kò ní mú wọn. Ẹ sì rántí pé ogun kọ̀ọ̀kan fún yín láyè láti dá ìgbà kan padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má tètè ná an.

Àdùkẹ́ Kubwa

Tíṣà, mo fà sẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe wí. Wọ́n wá bá wa lóru, ìlà wa dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lé wọn débi tí wọ́n ti wá. Ọlọ́kọ̀ mi kan ti gòkè ipele báyìí, n kò ní jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé Final Fantasy Tactics ni èyí tí òun ń gbá lọ́jọ́ Iléyá yẹn. Mo fẹ́ rà á sórí fóònù lẹ́yìn owó oṣù. Kí ni kí n mọ̀ kí n tó wọ inú rẹ̀?

Tíṣà Samaru

Ẹ̀gbọ́n yín mọ ohun tó dára. Níbẹ̀, kì í ṣe pé gbogbo tiyín á rìn tán kí ti ọ̀tá tó rìn. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ló ń kàn ní kíákíá, nítorí náà ẹ máa wo àtẹ tó ń fi ẹni tó kàn hàn. Bí ẹ bá fẹ́ ju idán tó ń pẹ́ kó tó balẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹni tí ẹ fojú sùn á ti kúrò níbẹ̀ kó tó dé. Ẹni tó bá ṣubú, òǹkà 3 á hàn lórí rẹ̀, á sì máa dín nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yẹ kó kàn án; ẹ gbé e dìde kí ó tó tán. Bí òǹkà orí rẹ̀ bá tán, ó ti lọ. Nítorí náà, ẹ má lọ sógun láìsí ẹni tó lè gbé èèyàn dìde, ẹ sì jẹ́ kó ju ẹyọ kan lọ.

Àwọn ọmọ ogun yín lè yí iṣẹ́ padà. Oníwòsàn lè di ọlọ́kọ̀ lọ́la, kó sì mú ohun tó kọ́ níbi ìwòsàn lọ síbẹ̀. Ẹ lo àkókò sí i, òun ni ọkàn géèmù náà.

Alátùn-únṣe Farm Centre

Kí ẹ tó rà á, ẹ yọ fídíò WhatsApp kúrò lórí fóònù yín kí àyè lè wà. Ojú fóònù kékeré máa ń jẹ́ kí ìka tẹ ilé tí kì í ṣe èyí tí ẹ fẹ́. Bí ẹ bá lè rí tábúlẹ́ẹ̀tì ẹni kan yá, ẹ yá a.

Àkàndé Minna

Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: ibi méjì ni kí ẹ máa fi ogun yín pamọ́ sí, ẹ má ṣe máa kọ èkejì lé èkíní. Ilé olódi kan wà tí wọ́n ń pè ní Riovanes. Ogun ibẹ̀ tẹ̀léra wọn, géèmù á sì fún yín láyè láti fi í pamọ́ láàárín méjì láì jẹ́ kí ẹ jáde lọ múra sí i. Ẹni tó bá fi í pamọ́ síbẹ̀ lórí ẹyọ kan ṣoṣo tó ní, tí agbára rẹ̀ kò sì tó, kò ní ọ̀nà àtijáde àfi kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Níbẹ̀, Ramza tó jẹ́ olórí yín máa dá jà pẹ̀lú ọkùnrin kan láìsí olùrànlọ́wọ́. Bí ẹ bá ti rí Riovanes lórí àwòrán ilẹ̀, ẹ dúró níta, ẹ kọ ohun tí Ramza ti kọ́ síbí fún wa, a ó jọ wò ó kí ẹ tó wọlé.